Ṣé O Mọ̀? Bí Ẹ̀rọ Ìrántí Ṣe Gba Ilé Fóònù

Mú fóònù rẹ sọ́wọ́. Nínú gbogbo ohun tí o ti fi ṣe láti àárọ̀, mélòó ni ìpè? Aago inú rẹ̀ ló jí ọ. Kàlẹ́ńdà ló rán ọ létí ìpàdé. Orúkọ lo wá jáde kí o tó pe ènìyàn, àkọsílẹ̀ lo sì ṣí nígbà tí o dé ọjà. Láyé ọjọ́un, ẹ̀rọ mìíràn ló ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyẹn: ẹ̀rọ ìrántí àtẹ́lẹwọ́, tí àwọn tó lò ó ń pè ní PDA. Ẹ̀rọ méjì ni nígbà náà, olúkúlùkù ní bátìrì tirẹ̀, olúkúlùkù ní àpò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fóònù ló gbé ẹ̀rọ ìrántí mì. Ka ohun tó tẹ̀lé èyí, wàá rí i pé ẹ̀rọ ìrántí ló gba ilé fóònù, tó sì ń jẹ́ orúkọ onílé títí di òní.

KÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ TÓ PÀDÉ

Ṣé o mọ̀ pé fóònù àfọwọ́mú àkọ́kọ́ wúwo ju kílò kan lọ? Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1973, Martin Cooper, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Motorola, dúró sí òpópónà kan ní New York, ó sì fi ẹ̀rọ náà pe Joel Engel tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Bell Labs. Abánidíje ni wọ́n. Cooper fẹ́ kí Engel fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé Motorola ti ṣáájú.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá kọjá kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó rí àṣẹ ọjà gbà? Ọdún 1983 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí DynaTAC 8000X. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3,995. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí ọ̀rọ̀, bátìrì ti tán. Ṣùgbọ́n wo èyí: ó lè rántí nọ́ńbà 30. Láti orí nọ́ńbà 30 yẹn ni fóònù ti ń kọ́ ìrántí.

Ṣé o mọ̀ pé London ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ìrántí àtẹ́lẹwọ́ àkọ́kọ́? Psion Organiser ni, ó jáde ní 1984. David Potter, ọmọ bíbí South Africa, ló dá ilé-iṣẹ́ Psion sílẹ̀ ní 1980. Ojú ẹ̀rọ náà kò gbà ju ìlà kan lọ, lẹ́tà 16 péré. Bí o bá sì fẹ́ nu gbogbo ohun tí o ti kọ sínú páàkì ìrántí rẹ̀ kúrò, àfi kí o yọ páàkì náà kí o gbé e sábẹ́ iná ultraviolet.

Ṣé o mọ̀ pé Apple ti ṣe ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tipẹ́tipẹ́ kí iPhone tó dé? Newton ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1993 ló bọ́ sọ́jà. Ìlérí ńlá rẹ̀ ni pé yóò ka ìwé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ìkọ̀wé rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ àti ọ̀rọ̀ tí Newton kà sábà máa ń yàtọ̀ síra, àwọn aṣẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣàn àti inú ìwé ìròyìn sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n tún un ṣe, ó sì dára sí i, ṣùgbọ́n orúkọ ti bàjẹ́. Steve Jobs dá a dúró ní oṣù Kejì 1998.

Ṣé o mọ̀ pé igi ni Palm Pilot àkọ́kọ́? Jeff Hawkins, tó dá ilé-iṣẹ́ Palm sílẹ̀, gé igi pẹlẹbẹ kan ní ìwọ̀n àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri. Bí ẹnìkan bá béèrè bóyá ó ráyè lọ́jọ́ báyìí, á yọ igi náà, á máa fi ọ̀pá kékeré tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń yẹ kàlẹ́ńdà wò. Ó fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe gan-an bí ẹ̀rọ bá ń bá a gbé lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ gidi jáde ní oṣù Kẹta 1996, bọ́tìnnì iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lójú rẹ̀: kàlẹ́ńdà, orúkọ àti nọ́ńbà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àkọsílẹ̀. Wá wo ojú fóònù tìrẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bátìrì AAA méjì, irú èyí tó ń wà nínú rìmóòtù, ló ń gbé Pilot fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀? Owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 299. Bí o bá gbé e lé ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, tí o tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo orúkọ inú rẹ̀ á ní ẹ̀dà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ lè sọnù. Orúkọ kò ní sọnù. Fi èyí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Ṣé o mọ̀ bí Pilot ṣe bọ́ nínú wàhálà tó kó bá Newton? Hawkins kò ní kí ẹ̀rọ kọ́ ìwé ọwọ́ ènìyàn. Ó ṣe lẹ́tà rírọrùn kan tí wọ́n pè ní Graffiti, ó sì ní kí ènìyàn kọ́ ọ. Lẹ́tà A kò ní ìlà àárín mọ́. O fa kálámù sókè, o fà á sílẹ̀, ó parí. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ DÁN AN WÒ

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ so fóònù pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìrántí lórí ojú tí a ń fọwọ́ tẹ̀ fi ọdún 13 ṣáájú iPhone? IBM Simon ni. Frank Canova, ẹnjiníà IBM, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n fi àwòṣe rẹ̀ hàn ní Las Vegas ní 1992, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù BellSouth sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹjọ 1994, ní dọ́là 899 fún ẹni tó bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún méjì. Ó ń pe ènìyàn, ó ń gba ímeèlì, ó ń fi fax ránṣẹ́, ó ní kàlẹ́ńdà àti ìwé orúkọ.

Ṣé o mọ̀ ohun tó jẹ́ kó kùnà? Bátìrì rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ lẹ́nu ìlò. Ó wúwo tó ìdajì kílò. Nǹkan bíi 50,000 ni wọ́n rí tà kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní oṣù Kejì 1995. Èrò náà pé; àsìkò ni kò tíì pé.

Ṣé o mọ̀ pé Nokia gba ọ̀nà mìíràn? Nokia 9000 Communicator, tó jáde ní oṣù Kẹjọ 1996, dà bíi fóònù lásán bó bá wà ní pípadé. Ṣí i, wàá bá kíbọ́ọ̀dù kíkún àti ojú gbọọrọ nínú. Ó wúwo tó gíráàmù 397. Fóònù lẹ́yìn, ẹ̀rọ ìrántí nínú, pẹ̀lú àgbékọ́ láàárín wọn: ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọn kò tíì jọ jẹun nínú abọ́ kan.

Ṣé o mọ̀ ibi tí ọgbọ́n Psion lọ? Ní oṣù Kẹfà 1998, Psion, Nokia, Ericsson àti Motorola dá ilé-iṣẹ́ Symbian sílẹ̀ ní London, nítorí wọn kò fẹ́ kí Microsoft ṣe fún fóònù bó ṣe ṣe fún kọ̀ǹpútà. Ètò tó ń darí àwọn ẹ̀rọ ìrántí Psion ni wọ́n tún ṣe fún fóònù. Bí o bá ti lo Nokia olówó iyebíye rí láàárín 2002 sí 2010, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ ọmọ ẹ̀rọ ìrántí ará London lo ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ kan tó kùnà ló kọ́ àwọn tó ṣàṣeyọrí níṣẹ́? General Magic ni, ní California, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Ẹ̀rọ tí Sony ṣe pẹ̀lú ètò wọn ní 1994, Magic Link, kò rí oníbàárà. Ṣùgbọ́n wo àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Tony Fadell, tó wá ṣáájú iṣẹ́ iPod tó sì wà lára àwọn tó ṣe iPhone, Andy Rubin, tó wà lára àwọn tó dá Android sílẹ̀, Pierre Omidyar, tó dá eBay sílẹ̀. Ẹ̀rọ kú, ìmọ̀ kò kú.

ẸYỌ KAN ÀBÍ MÉJÌ?

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n gbà pé kò yẹ kí wọ́n di ọ̀kan? Èrò wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Fóònù ń fẹ́ kéré, ẹ̀rọ ìrántí ń fẹ́ ojú fífẹ̀. Fóònù ń jẹ bátìrì, ẹ̀rọ ìrántí ń ṣọ́ ọ jẹ. Wọ́n ní kí fóònù jókòó sínú báàgì, kí ẹ̀rọ ìrántí wà lọ́wọ́, kí Bluetooth máa bá wọn gbé ọ̀rọ̀ láàárín afẹ́fẹ́. Ọdún 1998 gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kóra jọ láti ṣe Bluetooth.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan tún wá ọ̀nà kẹta? Hawkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Donna Dubinsky àti Ed Colligan, kúrò ní Palm ní 1998, wọ́n dá Handspring sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọn, Visor, ní ihò kan lẹ́yìn tí o lè ki nǹkan bọ̀: kámẹ́rà, ẹ̀rọ orin, ohun tó bá wù ọ́. Ní 2000 wọ́n gbé VisorPhone jáde: tì í bọ ihò náà, ẹ̀rọ ìrántí rẹ á di fóònù.

Ṣé o mọ̀ ohun tó parí àríyànjiyàn náà? Nọ́ńbà ni. Nínú ẹ̀rọ kan lo ti wá nọ́ńbà Bọ̀dá Ṣínà, nínú ẹ̀rọ kejì lo ti fẹ́ pè é. O ka ìdajì, o tẹ ìdajì, o padà lọ wò ó. Ojoojúmọ́ ni, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́. Nígbà tí Handspring gbé Treo 180 jáde ní 2002, o ṣí ìdérí, o tẹ lẹ́tà méjì mẹ́ta nínú orúkọ ènìyàn, orúkọ náà yọ, o sì pè é. Orúkọ àti ìpè ti ń gbé yàrá kan. Ìgbà yẹn ni ìdàpọ̀ gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Treo náà ní oríṣi méjì? Ọ̀kan ní kíbọ́ọ̀dù kékeré, èkejì, 180g, ń lo Graffiti. Àwọn tó ń rà á yan kíbọ́ọ̀dù. Hawkins tó dá Graffiti sílẹ̀ gba ohun tí ènìyàn fẹ́, ó sì jẹ́ kí Graffiti lọ.

Ṣé o mọ̀ pé BlackBerry àkọ́kọ́ tó lè pe ènìyàn kò ní ibi tí a ń gbé sétí? BlackBerry 5810, ọdún 2002, láti Waterloo ní Kánádà: àfi kí o ki okùn etí bọ̀ ọ́ kí o tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ímeèlì ni ní tòótọ́. Ìpè ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

NÍLÉ WA

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fo PDA kọjá pátápátá? Ní oṣù Kìíní 2001 ni ìjọba ta àṣẹ GSM, mílíọ̀nù dọ́là 285 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Econet àti MTN ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn. Kó tó di ìgbà náà, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó mílíọ̀nù kan. Láti inú ìwé pélébé tí a ń kọ nọ́ńbà sí ni a ti bọ́ sórí síìmù.

Ṣé o mọ̀ pé síìmù fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé ìrántí? Yàtọ̀ sí pé ó ń sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni tí o jẹ́, ọ̀pọ̀ lára wọn lè gba orúkọ àti nọ́ńbà tó tó 250. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí fóònù rẹ̀ bàjẹ́ fi lè yọ síìmù, kó kì í bọ fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó sì bá gbogbo ẹbí àti oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù tó wà lára àwọn tó tà jù lọ láyé kò dara pọ̀ mọ́ PDA rárá? Nokia 1100 ni, ọdún 2003, olójú-tọ́ọ̀ṣì. Ó ju mílíọ̀nù 200 lọ tí wọ́n tà. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì rẹ̀ kí eruku má baà wọlé, wọ́n sì fún un ní tọ́ọ̀ṣì fún ibi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Ẹni tó ṣe é ronú nípa ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá kọ Yorùbá tó pé sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ààyè rẹ á dín kù ju ìdajì lọ? Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160, bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ tí GSM yàn. Nítorí àwọn èdè Yúróòpù, à, è, ì, ò, ù àti é wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú kò sí. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Fi ẹ kan ṣoṣo sínú ọ̀rọ̀ rẹ, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sínú ètò mìíràn tí kò gbà ju lẹ́tà 70 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi àmì sílẹ̀ kí owó má baà di ìlọ́po méjì. Lónìí, Gboard àti irú rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, WhatsApp kò sì ka lẹ́tà lé ọ lórí. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí a ṣì máa kọ èdè wa láìní àmì.

Ṣé o rántí PIN? Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ tó ń jẹ́ kí ènìyàn méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí BlackBerry. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó ń fún ara wọn ní PIN kí wọ́n tó fún ara wọn ní nọ́ńbà, Nollywood sì ṣe fíìmù tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ BlackBerry Babes. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì: ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2022, BlackBerry pa iṣẹ́ tó ń gbé àwọn fóònù àtijọ́ rẹ̀ ró.

ỌJỌ́ TÍ OJÚ ÒPÓ ṢÍ

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí iPhone jáde ní 2007, kò sí bí o ṣe lè fi áàpù ẹlòmíràn kún un? Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ni Steve Jobs fi hàn aráyé, ó sì pè é ní ohun mẹ́ta nínú ọ̀kan: ẹ̀rọ orin, fóònù, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù Keje 2008 ni ọjà áàpù rẹ̀ tó ṣí, pẹ̀lú nǹkan bíi 500 áàpù. Àwọn tó ń lo Palm ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ọdún púpọ̀ ṣáájú.

Ṣé o kíyè sí i pé láti ìgbà náà, ìpè ti di áàpù kan láàárín áàpù? Àwòrán fóònù kékeré kan ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìrántí ti gba ilé.

Ṣé o mọ̀ ibi tí Palm parí sí? HP rà á ní 2010 ní bílíọ̀nù dọ́là 1.2, ó sì dá àwọn fóònù rẹ̀ dúró ní 2011. Ètò tuntun tí Palm ṣe, webOS, wá bọ́ sọ́wọ́ LG ní 2013. Bí tẹlifíṣàn LG bá wà ní pálọ̀ rẹ, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ọwọ́ Palm máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nísinsìnyí.

OHUN TÓ Ń BỌ̀

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìdàpọ̀ kò tíì parí, ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀ lè là wá lójú.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù tó ń ká, tí Samsung gbé jáde ní 2019, ìbéèrè Communicator ti 1996 ló ń dáhùn? Kékeré nínú àpò, gbòòrò lọ́wọ́. Ojú tó ń tẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò kíbọ́ọ̀dù.

Ṣé o mọ̀ pé síìmù pẹlẹbẹ ń lọ? iPhone 14 tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022 kò ní ihò síìmù mọ́. Inú ẹ̀rọ ni síìmù wà. Ẹni tó ti fi síìmù gba orúkọ là rí á mọ̀ pé àfi kí orúkọ wá ibòmíràn sá sí.

Ṣé o mọ̀ pé owó àti àpamọ́wọ́ náà ti wọlé? Ní Kenya, M-Pesa ti ń fi fóònù lásán gbé owó láti 2007. Ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì *, parí pẹ̀lú #, fóònù olójú-tọ́ọ̀ṣì á bá báńkì sọ̀rọ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ti gbìyànjú láti mú fóònù kúrò pátápátá? Humane AI Pin, oṣù Kẹrin 2024, dọ́là 699: o so ó mọ́ àyà aṣọ, o bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi iná kọ̀wé sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ní oṣù Kejì 2025, HP, ilé-iṣẹ́ kan náà tó ra Palm, ra ohun tó kù níbẹ̀ ní mílíọ̀nù dọ́là 116. Wọ́n pa iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ 28 oṣù kan náà, ohun tí àwọn oníbàárà kò bá sì tíì kó jáde títí di ọjọ́ yẹn lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá, tí wọ́n ní yóò rọ́pò fóònù, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé bátìrì rẹ̀ á gbé ọjọ́ já? Ibẹ̀ ni Simon ṣubú sí. Ṣé yóò gbọ́ mi yé, pẹ̀lú èdè mi àti àmì rẹ̀? Ibẹ̀ ni Newton ṣubú sí. Bó bá kú lọ́la, ṣé mo lè kó ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ jáde lónìí? Ìbéèrè kẹta yìí ló wúwo jù, nítorí orúkọ ènìyàn ni ohun tí gbogbo ìrìn àjò yìí ń gbé láti orí nọ́ńbà 30 ti Motorola.

Ṣé o mọ̀ pé ìdáhùn ti wà láti 1995? Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ kan tí Apple, AT&T, IBM àti Siemens wà nínú rẹ̀ ṣe vCard, fáìlì kékeré tó ń gbé orúkọ àti nọ́ńbà láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ẹni yòówù kó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣí ibi tí orúkọ wà lórí fóònù rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ Export sí, fi fáìlì .vcf tó bá jáde ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, kí o sì fi ẹ̀dà kan sí orí kọ̀ǹpútà tàbí fíláàṣì. Kò ní gbà ọ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lẹ́yìn náà, ràn àwọn òbí rẹ lọ́wọ́ láti ṣe tiwọn.